Ìbọn Ọlọ́pàá àti Iná Ìgboro

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin méje ní Manso Nkwanta ní ilẹ̀ Ashanti. Ọmọ Zongo Asawase ní ìlú Kumasi ni wọ́n. Ọlọ́pàá ní adigunjalè ni wọ́n. Àwọn òbí wọn àti ará àdúgbò ní irọ́ gbuu ni. Ìròyìn náà kò tíì tutù tí àwọn ọ̀dọ́ fi dà sí ìgboro, táyà bẹ̀rẹ̀ sí jó lójú títì, agbófinró sì ya bo àdúgbò. Sawaba kò jìnnà sí ibẹ̀. Àwọn tí ó gbọ́ Hausa mọ̀ pé ìdẹ̀ra ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní ìsọ̀ lẹ́bàá títì kò rí ìdẹ̀ra kankan, àfi kí ó wá àgádágodo rẹ̀ kíákíá.

Àríyànjiyàn tí ó máa ń tẹ̀lé irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Apá kan á ní jàgídíjàgan kò dára, òfin ni kí gbogbo ènìyàn tẹ̀lé. Apá kejì á béèrè pé, òfin wo? Ṣé èyí tí ó gbé ìbọn lọ́wọ́, tí ó pa ọmọ ọlọ́mọ tán, tí ó tún sọ òkú rẹ̀ lórúkọ burúkú? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí a ń fi ìwàásù lásán dáhùn, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà ní apá méjèèjì.

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni òtítọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìjọba Gánà gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lórí ikú àwọn méje náà. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ìjọba kéde pé kò sí ẹ̀rí tí ó fi hàn pé adigunjalè ni wọ́n. Wọ́n ní kí a dá ọlọ́pàá 21 dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí a sì fún ẹbí òkú kọ̀ọ̀kan ní 250,000 sídì. Àwọn ọmọ tí ń pariwo ní ìgboro Asawase ni ó sọ òtítọ́, nígbà náà; àwọn tí ó wọ aṣọ ìjọba ni kò sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọ̀dọ́ wí nítorí táyà tí ó jó, kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbólóhùn yìí kí ó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ọdún 2018 ni ilẹ̀ náà kọ́kọ́ rí irú èyí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, nígbà tí a ṣì ń pe Gánà ní Gold Coast, àwọn ọmọ ogun tí ó ti Bọ́mà dé kóra jọ ní Accra. Wọ́n fẹ́ mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ bá Gómìnà Gerald Creasy ní ilé olódi Christiansborg, nítorí owó ìfẹ̀yìntì àti iṣẹ́ tí wọ́n ń retí kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ní oríta tí ó lọ sí ilé olódi náà ni àwọn ọlọ́pàá ti dá wọn dúró. Colin Imray, ọ̀gá ọlọ́pàá tí í ṣe òyìnbó, pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn. Àwọn ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yìn ín. Ó já ìbọn gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yìn ín. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe, àti Odartey Lamptey tí kò tíì gba oyè kankan nínú iṣẹ́ ogun, ni ó kú níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí ọta àwọn ará Jàpáànì kò pa ní Bọ́mà, ilé ni ọta ti pa wọ́n.

Inú bí Accra. Wọ́n fọ́ ilé ìtajà UAC àti ti àwọn ará Síríà, wọ́n kó ẹrù inú wọn, wọ́n sì ti iná bọ̀ wọ́n. Rògbòdìyàn náà ràn dé Kumasi àti àwọn ìlú mìíràn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa rọlẹ̀, ènìyàn 29 ti kú, 237 sì ti fara gbọgbẹ́. Orúkọ àwọn ọmọ ogun mẹ́ta náà wà nínú ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà, ọjọ́ ikú wọn sì ti di orúkọ títì ńlá kan ní Accra. Àwọn yòókù tí ó kú nínú ìdàrúdàpọ̀ náà ńkọ́? Èwo nínú wọn ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè dárúkọ?

Ohun kan tún parí ní ọjọ́ náà gan-an tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí. Láti oṣù Kìn-ín-ní ni Nii Kwabena Bonne, olóyè ní Osu, ti pe àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkèèrè mọ́, nítorí ọ̀wọ́n ọjà ti pọ̀ jù. Wọ́n gbọ́ ọ. Fún nǹkan bí oṣù kan, aṣọ àti ẹrù òyìnbó wà lórí àtẹ kò rẹ́ni rà á. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣòwò ńlá náà gbà láti dín èrè wọn kù láti 75 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Àpò tí a dì pinpin ni ó ṣẹ́gun wọn. Ọjọ́ tí àdéhùn náà yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ni ìbọn ró, èéfín sì bo ìṣẹ́gun náà mọ́lẹ̀ títí di òní.

Àwọn tí ó fara mọ́ iná ní ẹ̀rí tiwọn, ó sì tọ́ kí a gbọ́ ọ tán. Wọ́n á ní bí Accra kò bá jó, ṣé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìbá rán ìgbìmọ̀ Aiken Watson wá wádìí? Ṣé ìgbìmọ̀ Coussey ìbá jókòó lórí òfin tuntun, ṣé ìdìbò ọdún 1951 ìbá sì wáyé nígbà tí ó wáyé? Wọ́n á ní bí ẹyẹ bá ṣe fò ni a ṣe ń sọ òkò rẹ̀. Wọ́n á tún mú Minneapolis ní Amẹ́ríkà wá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ọlọ́pàá kan fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn títí ó fi kú. Ní òru ọjọ́ 28, àwọn ènìyàn sun àgọ́ ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 29, a mú ọlọ́pàá náà. Ẹni tí ó bá ní àwọn nǹkan wọ̀nyí kò bá ara wọn tan rárá, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ. Iná a máa jí ìjọba tí ó bá sùn.

Ṣùgbọ́n jíjí nìkan ni iná mọ̀, kò mọ ẹjọ́ dá. Ohun tí ó dá ọlọ́pàá Minneapolis náà lẹ́bi ní oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni fídíò tí ọmọbìnrin ọdún 17 kan fi fóònù rẹ̀ ya, àti àwọn tí ó dúró níwájú adájọ́ tí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí. Ọ̀gá pátápátá àwọn ọlọ́pàá ìlú náà wà lára àwọn tí ó jẹ́rìí lòdì sí i. Bí ó ti rí ní Gánà náà nìyẹn. Kwame Nkrumah wà lára àwọn aṣáájú mẹ́fà tí ìjọba kó nítorí rògbòdìyàn 1948, ẹ̀wọ̀n Kumasi ni wọ́n sì kọ́kọ́ kó wọn sí. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ máa pe ìlú jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1950, kò pe ìlú sí iná. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ àti àìrajà ni ó yàn, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má hùwà ipá. Wọ́n tún sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà ní oṣù Kejì ọdún 1951 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi wọlé ìdìbò, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú un jáde wá ṣe olórí ìjọba.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba tó Èkó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà jáde lòdì sí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹ̀rù fún ọmọ aláìṣẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ fún ara wọn, wọ́n gbálẹ̀ ibi tí wọ́n jókòó sí, àwọn agbẹjọ́rò sì ń tú àwọn tí a bá tì mọ́lé sílẹ̀ láìgba owó. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, nígbà tí orin àti àsíá ṣì pọ̀ ju òkò lọ, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé òun ti tú SARS ká. Ní ọjọ́ 20, sójà yìnbọn ní ẹnu ibodè Lekki. Ìgbà náà ni iná sọ. Wọ́n sun àwọn bọ́ọ̀sì èrò ní Oyingbo. Wọ́n ya wọ ààfin Ọba Èkó ní Ìgá Ìdúńgànrán, wọ́n sì gbé ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ jáde. Wọ́n sun Ilé Ẹjọ́ Gíga tí ó wà ní Igbosere.

Kí ni ó wà nínú ilé ẹjọ́ náà? Ìwé ẹjọ́ ni: ti ilẹ̀ tí opó ń bá ọmọ onílẹ̀ fà, ti ogún, ti ẹlẹ́wọ̀n tí ń retí ọjọ́ ìdájọ́. Èyí tí ó jóná nínú wọn, ti mẹ̀kúnnù ni. Ẹni tí ó fún sójà láṣẹ ní Lekki kò pàdánù ewé kan níbẹ̀. Ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì Oyingbo ni ó fi ẹsẹ̀ rìn ní ọjọ́ kejì. Eji kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni tí eji bá ni eji ń pa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná ìgboro rí. Láti ọjọ́ náà ni ìjọba sì ti rí ẹnu sọ̀rọ̀, nítorí dípò kí a máa bi wọ́n léèrè ẹni tí ó yìnbọn, àwọn ni ó ń bi ìlú léèrè ẹni tí ó sun ilé. Àwọn tí SARS fìyà jẹ tí wọ́n fi sùúrù dúró níwájú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi, tí wọ́n fi àpá ara wọn hàn, ni ó gba ìdájọ́ owó ìtanràn tí àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 400 mílíọ̀nù náírà.

Ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Kumasi ní ìdí kan sí i láti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òwò tí baba fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ di ohun tí a lè dì lórí. Nàìjíríà náà sì ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà ní ọdún 1983, kí a má purọ́. Àṣẹ ìjọba ni ìwọ̀nyí, kì í ṣe rògbòdìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti la irú rẹ̀ kọjá mọ̀ pé nígbà tí ojú ìlú bá pọ́n, a kì í dúró bi àjèjì bóyá ó jẹ̀bi. Ará Síríà ni wọ́n fọ́ ìsọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1948, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ará Síríà ni ó yìnbọn ní oríta Christiansborg.

Nítorí náà, sísun ìlú kò tọ́, bí ó ti wù kí ìbínú tọ́ tó. A kì í bínú orí kí a fi fìlà dé ìbàdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí ó ṣáájú wà lọ́rùn ẹni tí ó yìnbọn, ìjọba tí ó bá fẹ́ kí ọ̀dọ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Láti oṣù Keje sí oṣù Kejìlá ọdún 2018, oṣù márùn-ún gbáko, ìyá méje ní Kumasi ni wọ́n ń pè ní ìyá olè. Èyí pọ̀ jù. Owó ìtanràn kò sì rọ́pò ẹjọ́, nítorí àpò ìlú ni ó ti jáde. Ẹni tí ó fa ìbọn kò san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, kò tíì pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn Manso Nkwanta, àwọn ará Ejura ní ilẹ̀ Ashanti kan náà jáde nítorí ikú Ibrahim Muhammed tí wọ́n ń pè ní Kaaka. Sójà yìnbọn sí wọn, ènìyàn méjì kú. Irú ìjọba bẹ́ẹ̀ kò lè fi gbogbo ẹnu bá ọlọ́táyà wí.

Ọ̀ràn kan kù tí ó nira fún Mùsùlùmí Zongo, tí àwọn aṣáájú kì í sì fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ̀sìn ní kí a tètè sin òkú. Ṣùgbọ́n òkú tí ìbọn pa ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́: bóyá iwájú ni ọta gbà wọlé tàbí ẹ̀yìn, bóyá ìtòsí ni wọ́n ti yìn ín tàbí òkèèrè, dókítà ni ó lè kà á lára rẹ̀, bí a bá sì ti bò ó mọ́lẹ̀ tán, ẹnu ọlọ́pàá nìkan ni ó kù. Iṣẹ́ Lèmọ́mù àti Sáríkì ni láti bá ẹbí sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n fara da ọjọ́ kan tàbí méjì, kí agbẹjọ́rò sì wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà bá ń ṣe àyẹ̀wò. Kí a kọ orúkọ àwọn tí ó rí ìṣẹ̀lẹ̀ náà sílẹ̀ kí ìbẹ̀rù tó dé bá wọn. Lẹ́yìn èyí, àjọ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, èyí tí òfin Gánà ti ọdún 1992 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ní ọ́fíìsì ní Kumasi, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá mú ẹjọ́ wá.