Ta Ló Ni Gòjé Atlanta?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi ná kí n tó ṣe àlàyé rẹ̀. Bí a ṣe ń pìtàn àwọn onígòjé ìlú Atlanta kò tẹ́ mi lọ́rùn. A máa ń dárúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo, a ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí a ń dárúkọ yẹn ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Gòjé òyìnbó ni mo ń pe ohun èlò orin olókùn mẹ́rin tí wọ́n máa ń gbé sí abẹ́ àgbọ̀n, tí wọ́n sì ń fi ọrun onírun ẹṣin ta. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń pè é ní fáólìnì. Mo yan gòjé nítorí pé Yorùbá ti ní ìbátan rẹ̀ nílé. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni gòjé tiwa ti wá. Igbá ni ara rẹ̀, awọ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, okùn kan ṣoṣo ló ní, irun ẹṣin sì ni okùn náà. Bí akọrin sákárà bá ń kọrin, gòjé ni yóò máa dá a lóhùn. Bí ẹ bá gbọ́ àwo Yusuf Olatunji, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Bàbá L'Ẹ́gbàá, tó kú ní ọdún 1978, ẹ ó mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Atlanta. Ẹni tí gbogbo ìwé ń dárúkọ ni John Carson, tí wọ́n ń pè ní Fiddlin' John. Aláwọ̀ funfun ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú kí orin tó sọ ọ́ di olókìkí. Ní ọdún 1913, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje àwọn onígòjé ní Atlanta, Carson sì gba ipò kìíní níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 1922, ilé iṣẹ́ rédíò WSB bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Carson sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ta gòjé níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1923, Ralph Peer gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ti OKeh wá láti New York. Inú ilé kan ní òpópónà Nassau ni wọ́n ti gba ohùn Carson sílẹ̀. Orin náà kò dùn mọ́ Peer létí rárá. Ṣùgbọ́n Polk Brockman, ọmọ Atlanta tó ń ta àga, tábìlì àti àwo orin, mọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ 500 àwo fún òun. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi tán. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ti mọ̀ pé owó wà nínú orin àwọn ará oko ìhà gúúsù. Orin tí a ń pè ní country lónìí jẹ Carson ní gbèsè.

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo orin tó gbé e jáde, èyí tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "The Little Old Log Cabin in the Lane". Will S. Hays, aláwọ̀ funfun láti Kentucky, ló kọ ọ́ ní ọdún 1871. Ẹnu arúgbó adúláwọ̀ kan tó ti ṣe ẹrú rí ló fi orin náà sí. Nítorí náà, nígbà tí orin country kọ́kọ́ di ọjà, ohùn tí wọ́n fi tà á jẹ́ ohùn adúláwọ̀ tí aláwọ̀ funfun yá lò. Kò sí adúláwọ̀ kankan tó gba kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Carson fúnra rẹ̀ tún máa ń ṣe orin tuntun, agbára orin rẹ̀ sì lè bani lẹ́rù. Ní ọdún 1913, wọ́n pa Mary Phagan, ọmọbìnrin ọdún 13 tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ pẹ́ńsù ní Atlanta. Ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá ibẹ̀, Leo Frank, tó jẹ́ Júù, lẹ́bi. Carson ṣe orin lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń kọ ọ́ fún èrò nígbà tí inú ń bí gbogbo ìlú. Ní ọdún 1915, àwọn ènìyàn kan fi ipá mú Frank jáde kúrò lẹ́wọ̀n, wọ́n sì so ó rọ̀ ní Marietta. Ní ọdún 1986, ìpínlẹ̀ Georgia dárí jì í lẹ́yìn ikú rẹ̀. N kò sọ pé orin ló pa Frank. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá ń yin onígòjé, kí a má ṣe fi apá kan ìtàn rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Ní oṣù kan náà tí Carson kọrin fún OKeh, àwọn obìnrin adúláwọ̀ méjì, Fannie Mae Goosby àti Lucille Bogan, kọrin blues fún Peer ní Atlanta. Ìlú kan, oṣù kan, ẹ̀rọ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọjà, àwọn ilé iṣẹ́ àwo pín orin sí ọ̀nà méjì: àwo adúláwọ̀ lọ́tọ̀, àwo àwọn funfun ìgbèríko lọ́tọ̀. Kì í ṣe etí ló pín in bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta á ló pín in.

Ìpín yìí ló bo Eddie Anthony mọ́lẹ̀. Ẹ ti gbọ́ orúkọ náà rí? Adúláwọ̀ ni, onígòjé ni, Atlanta ló ti ń ta á. Òun àti Peg Leg Howell, tó ń ta gìtá, jọ ń ṣeré kiri ìgboro. Ní ọdún 1927, Columbia bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní orin kan tí ń jẹ́ "Turkey Buzzard Blues". Bí ẹ bá tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé ohùn "Turkey in the Straw" ni, orin ijó tí gbogbo onígòjé funfun ìgbà náà mọ̀. Orin kan náà ni, ṣùgbọ́n nítorí àwọ̀ ẹni tó ta á, wọ́n pè é ní blues. Anthony kú ní ọdún 1934, Howell sì jáwọ́ nínú eré. Ó tó ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 kí àwọn ọ̀dọ́ kan tó wá Howell kàn ní Atlanta. Àwọn tó wá Anthony ti pẹ́ jù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí àǹfààní bá yọ, àwọn olórin náà máa ń jọ ṣeré. Ní ọdún 1927, Andrew Baxter, onígòjé adúláwọ̀ láti àríwá Georgia, bá ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tí ń jẹ́ Georgia Yellow Hammers ta "G Rag" sínú àwo. Èyí fi hàn pé wọ́n mọ iṣẹ́ ara wọn, láìka òfin ìyàsọ́tọ̀ sí.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín nípa àṣìṣe kejì. Àwọn kan, nínú ìfẹ́ tí wọ́n ní sí Áfíríkà, máa ń sọ pé gòjé wa ni bàbá gòjé òyìnbó. N kò fara mọ́ ọn. Ilẹ̀ Yúróòpù ni gòjé òyìnbó ti wá. Ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti ibi tí wọ́n ti ń fi ọrun ta okùn. Ọgbọ́n náà kò ṣe àjèjì sí wọn. Jacqueline Cogdell DjeDje kọ odidi ìwé lórí àwọn onígòjé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 2008. Solomon Northup, tí wọ́n jí gbé tà sóko ẹrú, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1853 bí gòjé ṣe tù ú nínú. Òtítọ́ yìí tó wa. Kò nílò irọ́ láti gbé e ró.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe lónìí ni Rhiannon Giddens láti North Carolina. Ó ń ta gòjé, ó ń ta banjo, ó ń kọrin, ó sì ń ṣe orin tuntun. Ní ọdún 2023, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer fún orin, òun àti Michael Abels. Ṣùgbọ́n kí òkìkí yìí tó dé, ọ̀dọ̀ Joe Thompson, arúgbó onígòjé adúláwọ̀ kan, ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jókòó láti kọ́ṣẹ́. Títí di òní, ó ṣì ń dárúkọ bàbá náà.

Ohun tí Yorùbá ń pè ní ìjúbà nìyẹn. Olórin wa kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ eré. Yóò kọ́kọ́ júbà àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ àti àwọn tó ti ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin náà. Bóyá ẹnìkan ti bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi Yorùbá ṣe, nígbà tí kì í ṣe èdè bàbá yín. Lójú tèmi, ìbéèrè náà kò tọ̀nà. Ìbéèrè tó tọ̀nà ni pé: ta ló kọ́ yín, ṣé ẹ sì ń dárúkọ rẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ kò sọ Carson di onígòjé. Ọwọ́ ènìyàn ló ti kọ́ ọ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ìtàn dárúkọ.

Wọ́n ti wó ilé òpópónà Nassau yẹn ní ọdún 2019, láìka ẹ̀bẹ̀ àwọn tó fẹ́ dá a sí. Orúkọ àti ohùn nìkan ló ṣẹ́kù. Nítorí náà, ẹ wá àwo Carson gbọ́, lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ Eddie Anthony, kí ẹ sì fi Yusuf Olatunji kún un. Ẹ kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé yín. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló ni gòjé Atlanta, ẹ má ṣe dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo.