Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fà á gùn díẹ̀ lónìí. Ìwé tí a kọ, orin tí a dá, fíìmù tí a ṣe, ọmọ ni gbogbo wọn. Ẹni tó bí wọn kò gbọdọ̀ máa yọjú wo ilé onílé kó tó mọ orúkọ tí yóò sọ wọ́n.

Ohun tó gbé òwe yìí sí mi lẹ́nu kò kéré. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé ẹ̀rọ ayàwòrán tuntun sínú ChatGPT, ni gbogbo ayé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fọ́tò ara wọn di àwòrán bíi ti Studio Ghibli, ilé-iṣẹ́ kátúùnù tí òkìkí rẹ̀ ti kàn láti Japan ká gbogbo ayé. Àwa ará Pleasure ní Alímọ̀ṣọ́, Èkó, kò gbẹ́yìn. Fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ìsọmọlórúkọ, títí kan fọ́tò ìyá arúgbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó fún ẹ̀rọ náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń yà á, iṣẹ́ tí Hayao Miyazaki àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fi ọwọ́ yà fún ọdún gbáko. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe é kò wo fíìmù Ghibli kan rí. Ìrísí ni wọ́n rí. Ohun tó mú kí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù fẹ́ràn fíìmù wọ̀nyí bí ẹni fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè.

Èmi yóò sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ràn wọn nítorí pé a kò ṣe wọ́n fún wọn.

Miyazaki, Isao Takahata àti Toshio Suzuki ló dá Ghibli sílẹ̀ ní 1985. Ní 1988, wọ́n gbé fíìmù méjì jáde lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan ni My Neighbor Totoro, níbi tí iwin inú igbó ti ń bá àwọn ọmọbìnrin méjì ṣeré nídìí igi ńlá kan. Èkejì ni Grave of the Fireflies tí Takahata ṣe, níbi tí ebi ti pa ọmọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kú lẹ́yìn tí bọ́ǹbù Amẹ́ríkà jó ìlú Kobe ní 1945. Ẹ wo ìyẹn ná: àwọn ará Amẹ́ríkà jókòó, wọ́n ń sunkún lórí ọmọ tí bọ́ǹbù tiwọn sọ di aláìníìyá. Ẹnikẹ́ni kò tún ìtàn náà tò kó lè bá wọn lára mu.

Ṣùgbọ́n Spirited Away, tó jáde ní 2001, ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Chihiro, ọmọ ọdún mẹ́wàá, bá àwọn òbí rẹ̀ ṣìnà dé ìlú àwọn òrìṣà. Àwọn òbí jẹ oúnjẹ tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n di ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ ní láti lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwẹ̀ kan tí àwọn òrìṣà ti ń wá wẹ̀. Òrìṣà odò kan wọlé, òórùn rẹ̀ ń bù tìì. Ìgbà tí wọ́n fa kẹ̀kẹ́ àti pàǹtírí jáde lára rẹ̀ ni ara tó tù ú. (Ẹni tó bá ti rí ojú gọ́tà Alímọ̀ṣọ́ lẹ́yìn òjò oṣù keje mọ òrìṣà yẹn dáadáa.) Àjẹ́ tó ni ilé ìwẹ̀ náà, Yubaba, gba orúkọ Chihiro lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ di Sen. Ẹni tó bá gbàgbé orúkọ àbísọ rẹ̀ níbẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́ láéláé. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí òwe àwọn baba wa kò ní wá sí i lọ́kàn? Òyìnbó kò mọ òrìṣà Japan kan ṣoṣo, kò sì mọ oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, fíìmù yìí gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2002, ó sì gba Oscar ní 2003.

Àwọn ará Ghibli kì í sì í gbà kí àlejò gé ọmọ wọn ní ìka. Nausicaä, fíìmù tí Miyazaki ṣe ní 1984 kí Ghibli tó wà, bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gé e ju ogún ìṣẹ́jú lọ, wọ́n yí orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ padà, wọ́n sì pè é ní Warriors of the Wind. Ó dun àwọn tó ni ín wọra. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Miramax ti Harvey Weinstein wá fẹ́ gbé Princess Mononoke ti 1997 dé Amẹ́ríkà, tó ń fẹ́ kí wọ́n ké e kúrú, Suzuki fi idà ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú iṣẹ́ kan ṣoṣo: ẹ má gé e. Wọn kò gé e.

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ òyìnbó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ inú fíìmù wọ̀nyí, àti pé níbi tí Yorùbá, Ígbò, Hausa àti Ẹ̀gùn jọ ń gbé bíi Pleasure, Gẹ̀ẹ́sì ló so wá pọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọmọ Japan lórúkọ, kí àlejò tó wá fi èdè tirẹ̀ kí i.

Àwa ńkọ́? NTA bẹ̀rẹ̀ Tales by Moonlight ní 1984: ààlọ́ ìjàpá, àwọn ọmọdé yí apààlọ́ ká, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu gbogbo wọn. Ní 2024, àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe Iwájú, kátúùnù nípa Èkó ọjọ́ iwájú. Ní 2025, Iyanu, tí Roye Okupe kọ́kọ́ ṣe ní ìwé, dé Cartoon Network. Mo kí wọn kú iṣẹ́ tọkàntọkàn, nítorí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, ìlú tí ilé, aṣọ àti orúkọ inú rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá ni Ìyanu ń gbé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe é láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé èdè wa kò lè dé òkè òkun. Yorùbá ni Túndé Kèlání fi ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999. Yorùbá ni Kúnlé Afọláyan fi ṣe Aníkúlápó tí Netflix gbé jáde ní 2022, ayé sì ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. A gbà kí àgbàlagbà gbọ́ Yorùbá nínú fíìmù. Ọmọdé, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ni a fi dù.

Ìyá tó fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kó lè wo iwin àti àjẹ́ Japan ni yóò fa ìwé Fágúnwà gbà lọ́wọ́ ọmọ kan náà, yóò ní nǹkan Èṣù wà nínú rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, olùkọ́ sì ni. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti wà láti 1938, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ṣáájú Nausicaä.

Ohun tó ń gbóná lọ́kàn mi jù wà ní ilé-ìwé. Ilé-ìwé aládàáni kan wà ní àdúgbò wa tó kọ́ pátákó mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ èdè ìbílẹ̀. Ọmọ tó bá sọ ọ́ yóò san àádọ́ta náírà, tàbí kó kúnlẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún! Wọ́n tún yan ọmọ kan ní kíláàsì láti máa kọ orúkọ àwọn tó bá ṣẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń kọ́ ọmọ láti fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn nítorí pé ó pe omi ní omi. Àwọn òbí sì ń yọ̀. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Ilé-Epo, tí kò fi Gẹ̀ẹ́sì na ọjà rí, a máa fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń mẹ́hẹ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú àwọn oníbàárà, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé-ìwé gidi ló ń lọ. Ọmọ náà kò ní gbọ́ Yorùbá dénú, kò sì ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìyá rẹ̀ yé. Màmá àgbà dé láti ilé, ọmọ kò lè kí i. Ó dúró gbagidi bí àlejò, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín pé òyìnbó ni. Yubaba kò ṣe ju báyìí lọ.

Ìjọba náà ń ran irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní ó ń mú kí àwọn ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ìlànà tí kò dé kíláàsì kan tí mo mọ̀ ní àdúgbò wa ni wọ́n dá lẹ́bi! Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán irú ẹ̀kọ́ yìí wò láti 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Èkó ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí i ní 2018: dandan ni kíkọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ilé-ìwé tó bá kọ̀ yóò gba ìkìlọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kínní; bó bá tún ṣe é, wọn yóò tì í pa, yóò sì san 500,000 náírà. Òfin ní kí ilé-ìwé san owó, ilé-ìwé wá ń gba owó lọ́wọ́ ọmọdé. Kí àwọn alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó gba ọ̀nà márosẹ̀ Abẹ́òkúta wá sí Pleasure kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, kí wọ́n yọ pátákó náà lára ògiri, kí wọ́n sì dá owó àwọn ọmọ padà fún wọn. Kí àwọn tó ń ṣe kátúùnù fún wa náà gba ohùn Yorùbá sílẹ̀ ṣáájú. Bí Disney bá fẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí Disney wá àwọn tí yóò sọ ọ́.