Àṣírí Owó Kì í Ṣe Ìwà Olè

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ láàárín àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé, mo sì ti gbọ́ ọ pẹ̀lú láti ẹnu àwọn olóyè tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kò ní ohunkóhun láti fi pamọ́. Wọ́n ní owó tuntun tí a ń pè ní kírípítò, tí a kò lè fi ọwọ́ kàn, tí ó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà àti fóònù ni a ti ń ná an, ti àwọn olè ni. Àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bo orúkọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí rẹ̀, gbájúẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará, n ó sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa àwọn ọmọ wa lára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí owó náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń dá a lẹ́jọ́ kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2008 ni ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto kọ ìwé kékeré kan jáde lórí owó Bitcoin. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009 ni owó náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí báńkì kan tí ń ṣọ́ ọ. Ìwé ìṣirò kan ni ó wà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ ni a sì ń kọ gbogbo owó tí ó bá ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn sí. Ìwé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wé kà lè ṣí i, kí ó sì rí iye tí ó wọ inú àpamọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ó wọlé, àti ibi tí ó gbà lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, èyí nì ni orúkọ olówó. Àmì gígùn kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a dà pọ̀, ni ó dúró nípò orúkọ.

Ẹ wá rò ó wò. Bí báńkì wa bá lẹ ìwé owó gbogbo wa mọ́ ara ògiri ọjà, tí ó sì fi àmì rọ́pò orúkọ, ǹjẹ́ olóyè kan ha wà nínú yín tí yóò dúró níwájú ògiri náà, kí ó máa kígbe pé, "Èmi ni mo ni àmì kẹta láti òkè"? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé àmì àpamọ́wọ́ wọn sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àwòrán ara wọn. Àwọn alárékérekè kan a tilẹ̀ máa fi owó tí kò tó nǹkan, bí ẹni wọ́n eruku, ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ àpamọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí wọn yóò fi mọ àwọn tí ó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Olówó rò pé ẹ̀bùn ni.

Kí ni orúkọ lásán lè fà? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ledger, tí ń ta ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń pa kọ́kọ́rọ́ àpamọ́wọ́ mọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2020 ni àwọn olè wọ inú ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà kọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sí. Nígbà tí ó sì di oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n tú u síta fún gbogbo ayé: àdírẹ́sì ímeèlì tí ó tó mílíọ̀nù kan, àti, èyí tí ó burú jù, orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ojúlé àwọn ènìyàn tí ó lé ní 270,000. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. A kò fọ́ àpamọ́wọ́ kankan lọ́jọ́ náà. Orúkọ ni a jí, orúkọ náà sì tó. Lẹ́tà èké bẹ̀rẹ̀ sí dé lemọ́lemọ́, tí ó ń fi ohùn ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2021, ẹ̀rọ ayédèrú bẹ̀rẹ̀ sí dé ojúlé àwọn mìíràn nínú páálí tí a dì dáradára, pẹ̀lú ìwé tí ó wí pé ti àtẹ̀yìnwá kò ní ààbò mọ́, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ wọn sínú tuntun.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yìí fún ẹ̀yin àgbà. Nígbà tí a bá dá àpamọ́wọ́ sílẹ̀, ó sáábà máa ń fún ni ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24, tí a ṣà láti inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni owó náà. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n, ìbáà wà ní Ìbàdàn, ìbáà wà ní Rọ́ṣíà, òun ni ó ni ín, kò sì sí ọ̀gá báńkì tí a lè sáré tọ̀ lọ kí ó dá a padà. Nítorí náà, kò sí òṣìṣẹ́ òtítọ́ kan láyé tí yóò béèrè wọn lọ́wọ́ ẹni. A kì í yà wọ́n ní fọ́tò, a kì í tọ́jú wọn sínú fóònù. Orí ìwé ni a ń kọ wọ́n sí, ibi tí a tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí ni a sì ń fi wọ́n sí.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn ajínigbé wọ ilé ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ Ledger ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, wọ́n gbé òun àti obìnrin rẹ̀ lọ, wọ́n sì gé ìka rẹ̀ kan nítorí owó kírípítò, kí àwọn ọlọ́pàá tó gbà wọ́n sílẹ̀. Mo bi àwọn tí ń sọ pé ọwọ́ tí ó mọ́ kò ní ohun tí yóò fi pamọ́: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ jù pé ayé mọ ohun tí ó ní?

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Coinbase ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn olè fi rìbá ra àwọn òṣìṣẹ́ kan tí ń bá a ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, wọ́n sì kó orúkọ, ojúlé àti àwòrán ìwé ìdánimọ̀ àwọn oníbàárà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70,000. Wọ́n béèrè 20 mílíọ̀nù dọ́là. Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀, ó sì fi iye kan náà lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè mú wọn. Ìwà akin ni èyí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá àwòrán ìwé ìdánimọ̀ padà?

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé ojúkòkòrò ni ó ń pa àwọn ènìyàn wa. Ní ti CBEX, tí ó wó ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí inú fi bí àwọn ènìyàn títí wọ́n fi kó ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn, n kò jiyàn. Ẹni tí a bá ṣèlérí fún pé owó rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, tí kò sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, ó ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi, àgàgà nígbà tí wọ́n ní kí ó tún san 100 dọ́là sí i kí ó tó lè rí owó rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò wo ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó pàdánù nǹkan bí 68 mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024? Olè ṣe àmì àpamọ́wọ́ kan tí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ jọ èyí tí ó fẹ́ sanwó sí, ó rọra tì í sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, olówó sì daa kọ láìwo àárín. Olè náà dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n a kì í fi àánú olè ṣe odi ìlú. Àmì náà gùn lóòótọ́. Ẹ kà á tán kí ẹ tó sanwó.

Àwọn bàbá wa mọ èyí. Wọ́n ń ri owó mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò. Alájọ tí ó bá ń sọ ohun tí Lágbájá dá fún Tàmẹ̀dù kì í ní oníbàárà pẹ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ni ó wá kọ́ wa pé ìwà olè ni ohun tí wọ́n ń pè ní làákàyè? Nínú ilé ìjọsìn pàápàá, a ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu láti kéde iye tí ó wọlé fún wa.

N kò wí pé kí ìjọba má mọ ohunkóhun. Báńkì àgbà ilẹ̀ wa lé owó yìí jáde kúrò ní àwọn báńkì ní oṣù Kejì ọdún 2021, ó sì tú òfin náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Òfin ìdókòwò ti ọdún 2025 sì ti gbà á wọlé báyìí. Ó tọ́ kí àwọn tí ń ṣòwò rẹ̀ fún aráyé mọ ẹni tí wọ́n ń bá lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi agbára òfin gba orúkọ mi gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ bí ẹyin ojú. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ti wà nílẹ̀: ilé-iṣẹ́ tí orúkọ ènìyàn bá jò lọ́wọ́ rẹ̀ débi tí ewu fi lè dé bá wọn ní wákàtí 72 péré láti fi tó Àjọ tí ń bójú tó o létí, ìtanràn sì wà fún aláìbìkítà. Òfin tí a kò lò kò yàtọ̀ sí àdá tí a fi kọ́ ara ògiri. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá tún wá bẹ olóyè kan pé kí ó wá ṣí ọ́fíìsì fún wọn, kí ó tó gbé ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn pé: níbo ni ẹ ó kó orúkọ àwọn ará ìlú mi sí, àwọn wo ni yóò máa kà á, ọjọ́ wo ni ẹ ó sì pa á rẹ́?