Kí Ni A Ó Sọ Fún Ìyá Aláta?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lójú tèmi, a kò wo ilé kí a tó sọ jẹjẹrẹ ọmú lórúkọ. Orúkọ kan ṣoṣo ni a fún un, bẹ́ẹ̀ àrùn náà kì í ṣe irú kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ wo ibùdókọ̀ Kétu. Agbèrò kan tó láti pe èrò sí ọkọ̀ kan. Bí ogún agbèrò bá dúró ti ọkọ̀ kan náà, tí gbogbo wọn ń ké pe èrò, èrò yóò kún ju ààyè lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú sẹ́ẹ̀lì rí. Jíìnì ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé. Ẹ̀dà méjì ni a sábà ń ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Jíìnì tí à ń pè ní HER2 wà lára àwọn tí ń pe sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dàgbà, kí ó sì pín sí méjì. Nínú jẹjẹrẹ ọmú 100, nǹkan bí 15 sí 20 ni ẹ̀dà jíìnì yìí ti di púpọ̀ rékọjá ààlà, tí ìpè náà kò sì dáwọ́ dúró. Kì í ṣe àjogúnbá, kì í sì í ṣe àfiṣe. Inú ọmú náà ni àyípadà yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1987, Dennis Slamon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé irú jẹjẹrẹ yìí máa ń tètè padà, ó sì máa ń tètè pani. Ní 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí trastuzumab, oògùn tí ń dí ìpè náà lọ́nà. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí. Àwọn onímọ̀ láti UCH Ìbàdàn àti University of Chicago ti dán an wò lára àwọn obìnrin ní Nàìjíríà. Ẹni tí HER2 tirẹ̀ kò pọ̀ kò ní rí àǹfààní oògùn yìí. Nítorí náà, àyẹ̀wò ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Níbi èsì àyẹ̀wò yìí ni iṣẹ́ wa wà. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé wọ́n kọ ọ́ fún ìyá aláta kan ní Mile 12 pé “HER2 positive”. Ní ìlú tí a ti ń fi “positive” kéde HIV láti ọjọ́ pípẹ́, níbo ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ? Ó lè sá, kí ó má padà sí ọsibítù mọ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tí dókítà fẹ́ sọ fún un ni pé oògùn wà fún irú tirẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní owó ni ìṣòro, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni, oògùn náà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn kò mọ orúkọ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba?

Ní 1984, a tẹ Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú rẹ̀. Ó fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀. Kò yẹ kí á dúró síbẹ̀. Mo dá a lábàá pé kí á pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí jíìnì yìí ní “ìsọdipúpọ̀ jíìnì”, kí á sì pe irú àrùn náà ní “jẹjẹrẹ onípè púpọ̀”. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá. Kí ẹgbẹ́ wa gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ìyálọ́jà ní Ìkòsí àti Mile 12. Èyí tí kò bá yé wọn, kí á pa á tì, kí á tún òmíràn ṣe.