Ọrẹ Ni Tàbí Ọjà? Lórí Orúkọ Obìnrin Tí Ń Fi Ẹyin Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní Bìrìtéènì, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ń fi ẹyin inú wọn ran ẹni tí ń wá ọmọ lọ́wọ́ kò pọ̀. Ìdí nìyí tí ìpè fún irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fi lè dé etí àwọn ọ̀dọ́bìnrin Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀. Bí olùtumọ̀ bá sọ ìpè náà di Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti sọ ọrẹ di ọjà, tàbí kí ó fi ọjà pa mọ́ sábẹ́ ọrẹ.

Orúkọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún obìnrin yìí, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘ẹni tí ń fúnni’, kò tọ́ olùtumọ̀ sọ́nà. Ní Bìrìtéènì, òfin kò gba kí ẹnikẹ́ni ra ẹyin. Àjọ tí òfin ọdún 1990 gbé kalẹ̀ ni ó ń fi iye lélẹ̀: láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó jẹ́ pọ́n-ùn 986 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, àfi bí ìnáwó obìnrin náà bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìbímọ ti kọ́kọ́ sọ pé ohun tí ó bá ju dọ́là 10,000 lọ kò bójú mu. Àwọn obìnrin kan pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2011. Ní 2016, ẹgbẹ́ náà yọ gbèdéke yìí kúrò. Síbẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é ní orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Kò pọn dandan kí Yorùbá jogún àṣìpè yìí. ‘Afẹyintọrẹ’ tọ́ níbi tí ọrẹ bá wà. Níbi tí iye owó bá ti ń tẹ̀lé bí ọjà ṣe rí, ‘olùta-ẹyin’ ni kí wọ́n kọ. ‘Ẹlẹ́yin’ kò wúlò, nítorí ìyá tí ń ta ẹyin adìẹ ló ni ín. Bákan náà, ‘owó gbà-má-bìínú’ dọ́gbọ́n sọ pé ẹnìkan ṣẹ obìnrin náà. ‘Ìgbanisíṣẹ́’ sì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́. ‘Owó arọ́pò ìnáwó àti àkókò’ gùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ.

Àwọn kan lè sọ pé olùtumọ̀ kì í ṣe aṣòfin. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí yóò gba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ilé ẹyin inú rẹ̀ lè wú débi ewu. Ọmọ tí ẹyin tí ó fi tọrẹ ní Bìrìtéènì láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2005 bá sì bí lè béèrè orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bá pé ọdún 18. Ẹni tí kò lóye ohun tí ó fọwọ́ sí kò tíì fọwọ́ sí i.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí àwọn olùkọ́ àti olùtumọ̀ fẹnu kò sórí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí àwọn tí ń wá ẹyin tó bá wọn yàn án.