Akoto Tí Kò Di Orí Mú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé; ká mọ̀ ọ́n wé kò dùn bí kó yẹni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ akoto tí àwọn tí ń gun alùpùpù ń dé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá dé akoto lórí alùpùpù. Ní àwọn ìlú kan, ṣe ni àwọn ọlọ́kadà gbé igbá àti ike ọ̀dà kọ́rí. Ṣùgbọ́n ní Maiduguri níhìn-ín, ọ̀ràn náà kọjá ẹ̀rín. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ọmọlẹ́yìn Mohammed Yusuf tí ń lọ sìnkú kọ̀ láti dé akoto. Àwọn agbófinró yìnbọn, ènìyàn 17 sì fara gbọgbẹ́. Ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje. Nígbà tí ó di oṣù keje ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Borno fòfin de achaba nínú ìlú.

Nínú gbogbo rògbòdìyàn yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ń bèèrè: ǹjẹ́ akoto wà lórí? A kò bèèrè bóyá ó di orí mú.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé akoto a máa gbó. Òógùn àti ìlò ojoojúmọ́ a máa tẹ tìmùtìmù inú rẹ̀ pẹlẹbẹ, débi pé èyí tí ó fún wa nígbà tí a rà á yóò máa yí kiri lórí. Ẹlòmíràn a wá fi fìlà tàbí àkísà dí àlàfo náà, àṣìṣe ni. Fóòmù líle tí ó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ ni ó ń gba agbára ìkọlù. Bí ó bá ti fọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í padà sípò mọ́, bí èèpo tilẹ̀ ń dán. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é fi ń gbani nímọ̀ràn pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5, tàbí lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ti forí sọlẹ̀ nínú jàǹbá.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ dè okùn àgbọ̀n, kí ìka méjì péré lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yí akoto: awọ iwájú orí gbọ́dọ̀ bá a yí. Ẹ tì í láti ẹ̀yìn wá síwájú: kò gbọdọ̀ bọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ra èyí tí ó tóbi fún ọmọ bí ẹni ra aṣọ ọdún, pé yóò dàgbà bá a.

Àbọ̀ ìwádìí tí a kó jọ ní ọdún 2008 fi hàn pé akoto ń dín ikú ẹni tí ó ní jàǹbá alùpùpù kù ní ìdá 42 nínú 100. Ṣùgbọ́n akoto tí ó fò lọ kí orí tó kanlẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là. Nítorí náà, kí àwọn agbófinró ṣíwọ́ fífi ojú lásán wo akoto. Kí wọ́n fọwọ́ mì í wò.