Ẹ Má Pè É Ní Ẹ̀san

Kò sígbà tí wọ́n pa ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́ tí n kì í gbọ́ ọ: "Ẹ̀san ni." Mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn, mo sì máa ń gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń ránṣọ létí bárékè ọlọ́pàá n'Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín fà lónìí. Mi ò gbà pé ẹ̀san ni, ó sì ń dùn mí dọ́kàn bí mo bá ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká ti Ọ̀fà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, nírọ̀lẹ́, ni àwọn adigunjalè ya wọ ìlú náà. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ kọlù, torí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn tó wà níbẹ̀ bá ṣì wà láàyè, owó báǹkì ò ní í ṣe é kó. Ọlọ́pàá mẹ́sàn-án ni wọ́n pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń ti báǹkì kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń yìnbọn fún oníbàárà àti ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Àwọn tó kú lápapọ̀ lé ní ọgbọ̀n. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn kú síbi tí ìjọba ní kí wọ́n dúró sí, láàárín adigunjalè àti owó tí ará ìlú tọ́jú sí báǹkì.

Ìlú sunkún lóòótọ́, nítorí òkú ọlọ́pàá àti òkú ará ìlú dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí òkú, ó ti di ìjà olóṣèlú: ta ló mọ àwọn ọ̀daràn náà, ta ni kò mọ̀ wọ́n. Àárín ariwo yẹn ni orúkọ àwọn ọlọ́pàá mẹ́sàn-án náà rì sí. Ẹni tí wọ́n pè ní olórí àwọn adigunjalè ọ̀hún, tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́, kú sí àtìmọ́lé. Ó di ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 kí ilé-ẹjọ́ gíga n'Ílọrin tó dájọ́ ikú fún àwọn márùn-ún. Ọdún mẹ́fà ó lé oṣù márùn-ún! Ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí girama kó tó gbọ́ pé ẹnìkan jẹ̀bi.

Mo mọ ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú, mi ò ní í pè wọ́n ní ìkà. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022 ni ọlọ́pàá yìnbọn pa Bọ́láńlé Raheem, agbẹjọ́rò, aláboyún, nínú mọ́tò tòun tẹbí rẹ̀ ní Ajah l'Ékòó. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìbọn bá Jimoh Isiaq l'Ógbómọ̀ṣọ́ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ìwọ́de lórí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS, ó sì gbabẹ̀ kú. Èmi náà ti rí tèmi. Mo ra máṣíìnì àlòkù kan, mò ń gbé e bọ̀ nílé, wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní rìsíìtì dà. Mo mú un jáde. Wọ́n ní rìsíìtì náà ti gbó, pé àwọn ò rí ohun tí wọ́n kọ sí i. Inú oòrùn ni mo wà títí mo fi ki ọwọ́ bàpò. Ta ló fẹ́ wá sọ fún mi pé kí n má bínú?

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ohun tí mò ń rí láti ìdí máṣíìnì mi ni pé ẹni tí ìbínú wa ń bá kọ́ ló jẹ wá ní gbèsè.

Ọ̀pọ̀ nínú yín lè má mọ̀ pé owó ara wọn ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá fi ń ra aṣọ iṣẹ́. Wọ́n á lọ sọ́jà lọ ra aṣọ dúdú, wọ́n á ra bẹ́líìtì, wọ́n á ra bàtà, wọ́n á wá gbé aṣọ wá fún èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi. Ọ̀gá á rán ọmọọ̀ṣẹ́ pé kí n rán ẹ̀wù tuntun mẹ́ta. Kọ́nsítébù á gbé ṣòkòtò tí ìdí rẹ̀ ti já wá, á ní, "Bọ̀dá télọ̀, ẹ bá mi fi nǹkan lẹ̀ ẹ́, bí owó oṣù bá wọlé màá rán òmíràn." Ọ̀gá tó rán ọmọọ̀ṣẹ́ kì í dúró sójú títì láàárín òru. Oníṣòkòtò àlẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Òun ni àwọn adigunjalè ń bá, òun ni jàǹdùkú ń rí mú. Ẹni tó ń gba ìpín lórí ẹ̀gúnjẹ kò sí lórí ìlà níbẹ̀, àwọn tó sì kọ̀ láti san owó oṣù tó nítumọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mi ò ní í dárúkọ, torí ìyàwó rẹ̀ ò tíì fún mi láṣẹ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ga sí sájẹ́ǹtì. Ó kó ẹ̀wù méjì wá kí n rán ìlà kẹta mọ́ apá wọn, ó sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ṣe ọ̀kan tán, mò ń ṣe èkejì lọ́wọ́, ni ìròyìn dé pé àwọn agbébọn ti pa á níbi tí wọ́n pín in sí. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ wọlé. Mo ti fẹ́ dìde lọ mú aṣọ, ni obìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó tí bàbá àwọn ọmọ mi san sílẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ dá padà fún mi. Wọ́n ní kí n lọ gbàwé ní kóòtù kí wọ́n tó lè dá mi lóhùn, mi ò sì ní owó ọkọ̀."

Mo kó owó náà fún un, mo fi tèmi kún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú ìwé inú báàgì ọwọ́ rẹ̀ fún mi wò. Ìwé ẹ̀rí ikú wà níbẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí ọkọ rẹ̀ kọ nígbà tó wọṣẹ́, tó fi sọ ẹni tí owó rẹ̀ tọ́ sí bó bá kú, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló kọ, torí kò tíì níyàwó nígbà náà. Ìyá náà ti kú. Nítorí ìlà kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi ní obìnrin yìí gbọ́dọ̀ gba ìwé kóòtù. Yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé ní bárékè, wọ́n ti sọ fún un pé kó máa wá ibòmíràn lọ, torí ọlọ́pàá mìíràn ti ń retí rẹ̀.

Bó ṣe dìde tó ń lọ, oníbàárà mi kan tó wá wọn bùbá sọ ọ́ sókè pé, "Gbogbo owó tí ọkọ rẹ̀ ń gbà lójú títì ńkọ́?" Obìnrin náà gbọ́. Kò dáhùn. Mo bá oníbàárà mi wí níṣojú gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, inú sì bí i, ó gbé aṣọ rẹ̀ lọ. Kó máa gbé e lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun ránṣọ kò gbọdọ̀ bú opó lójú mi.

Ìjọba pàápàá, kí ni wọ́n ń ṣe? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí rógbòdìyàn gba ìlú lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, wọ́n sun ọlọ́pàá n'Ìbàdàn níbí, àwọn kan sì ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Ààrẹ Buhari ní ọlọ́pàá 11 ló kú káàkiri orílẹ̀-èdè. Kò pẹ́ sígbà náà, Mohammed Adamu tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní 22 ni, pé àgọ́ àti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n bà jẹ́ jẹ́ 205. Iye àgọ́ tó jóná ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn títí dòní. Mi ò tíì bá ẹnìkan pàdé tó lè ka orúkọ mẹ́ta fún mi nínú àwọn méjìlélógún náà. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, àwọn sójà ti jáde kúrò nínú ètò alájọdá tí òfin ọdún 2004 gbé kalẹ̀ láti ọdún 2011. Àwọn ọlọ́pàá kù síbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2025, àwọn àgbààgbà tó ti fẹ̀yìn tì nínú wọn tú jáde l'Ábújá, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ àwọn náà. Bí ẹni tó sin ìjọba títí tó fi darúgbó bá ń gbé pátákó kiri ìgboro, kí ni opó tí kò mọ ẹnikẹ́ni fẹ́ rí gbà?

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn pẹ̀lú, oníbàárà mi ni wọ́n, mi ò sì bẹ̀rù láti sọ ọ́. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan nínú yín ní àdúgbò kan, ẹ kì í wá ẹni tó pa á. Ẹ máa ń ya wọ àdúgbò náà, ẹ ó kó ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ẹ ó kó ọmọ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, wọ́n á wá máa fi owó gba ara wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé tó yẹ kó bá yín ṣọ̀fọ̀ á wá di ilé tó ń sá fún yín. Àánú tí òkú yín ní lọ́dọ̀ ará àdúgbò, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín pa á.

Ẹjọ́ ti Àjàó Estate l'Ékòó ló ń jà mí lọ́kàn jù. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá lọ kó ọ̀kadà níbẹ̀ nítorí òfin tó ní kí wọ́n má gùn ún ládùúgbò náà. Àwọn èrò dà bo ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Kazeem Abonde, wọ́n sì lù ú pa. Mo gbọ́ àwọn tó ní oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọlọ́kadà ló lọ gbà lẹ́nu wọn. Òótọ́ ni pé ẹni tí wọ́n gba ọ̀kadà rẹ̀, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n Abonde kọ́ ló ṣòfin ọ̀kadà. Àwọn tó jókòó ṣe é, nínú ọ́fíìsì tó tutù ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó gbé òkúta sí wọn. A lu ẹni tí wọ́n rán pa, ẹni tó rán an sùn ire.

Nítorí náà, mo ń bẹ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá àti àwọn gómìnà wa: ẹ má lé opó kankan kúrò ní bárékè kí ẹ tó san owó tó tọ́ sí ọkọ rẹ̀. Ọdọọdún ni kí ẹ máa jẹ́ kí ọlọ́pàá kọ fọ́ọ̀mù àjogún yẹn lákọ̀tun, kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ bá ẹni tó pa ọlọ́pàá ṣẹjọ́ kíákíá. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá tó pa Bọ́láńlé Raheem, kò tó oṣù mẹ́wàá, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ló dé tí ti Ọ̀fà fi gba ọdún mẹ́fà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ máa bínú sí ẹ̀gúnjẹ, ẹ máa pè é lẹ́jọ́, ẹ máa pariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa ọlọ́pàá ní àdúgbò yín, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà. Fídíò òkú rẹ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà ní fóònù.